Ráútà tuntun kò gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo so ráútà tuntun tó ní firewall (ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ohun tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé wò) mọ́ ráútà 4G mi. Iná rẹ̀ ń tàn, íntánẹ́ẹ̀tì kò wọlé. Kí ló fà á? Òǹkàwé, Kàbà.

Ìdáhùn: Ó jọ pé àdírẹ́sì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, 192.168.1.1 lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ yọ wáyà tó so wọ́n pọ̀. Ẹ fi kọ̀ǹpútà wọ ojú ètò ráútà tuntun, ẹ yí àdírẹ́sì LAN rẹ̀ (ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àwọn ẹ̀rọ inú ilé) sí 192.168.50.1, kí ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Wáyà tó ti ihò LAN ráútà 4G wá, ihò WAN (ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé) lára ráútà tuntun ni kó wọ̀. Inú ihò LAN ni ọ̀pọ̀ ń kì í bọ̀, firewall á kàn jókòó lásán ni. Ẹ má gbàgbé láti pa Wi-Fi ti 4G, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fóònù àwọn ọmọ á máa gba ẹ̀yìn firewall kọjá.