Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgbádárìgì Nínú Bíríkì Ìṣeré

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú lóṣù yìí, gbogbo wọn ló sì dá lórí bíríkì ike tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, èyí tí àwọn àgbà náà ti wá ń fi kọ́ ohun tí ó bá wù wọ́n láìwo àwòrán tí ó wà lára páálí. Èyí tí ó ti Àgbádárìgì wá ni a ó pẹ́ lé lórí jù, nítorí ìbéèrè inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín máa ń bi wá.

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Àgbádárìgì. Ẹnìkan tí ó ti òkè òkun dé fún ilé ẹ̀kọ́ wa ní àpò bíríkì Lego kan. Àlòkù ni, a sì kà á, ó tó nǹkan bí 600, ṣùgbọ́n èyí tí ó funfun nínú rẹ̀ kò ju 140 lọ, èyí tí ó ní kókó róbótó mẹ́jọ lórí sì ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ fi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí ó wà ní Marina níbí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti bẹ̀rẹ̀, bíríkì sì ń tán kí a tó dé òkè. Kí ni kí a ṣe? — Olùkọ́, Àgbádárìgì.

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́, ẹ sì bá wa kí àwọn ọmọ náà. Bíríkì yín tó. Ìwọ̀n ni ẹ kò mú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bíríkìlà tí ó mọṣẹ́ kì í to búlọ́ọ̀kù títí tí yóò fi tán kí ó tó béèrè iye yàrá tí onílé fẹ́.

Ẹ fi rúlà wọn bíríkì kan. Láti àárín kókó kan dé àárín kókó tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ mìlímítà 8. Gíga bíríkì fúnra rẹ̀, láìka kókó orí rẹ̀ mọ́ ọn, jẹ́ mìlímítà 9.6. Èyí tí ó rí pẹlẹbẹ jẹ́ mìlímítà 3.2, ìyẹn ni pé bí ẹ bá to pẹlẹbẹ mẹ́ta lé ara wọn, wọ́n á ga tó bíríkì kan gẹ́lẹ́. Orí ìwọ̀n mẹ́ta yìí ni gbogbo ìṣirò yòókù dúró lé.

Ó dà bí ẹni pé ọmọláńgidi ike kékeré tí ó máa ń bá irú bíríkì yìí wá ni ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí ohun tí ojú máa ń sọ fún ènìyàn nìyẹn: a fẹ́ kí ó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ọmọláńgidi yẹn ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, ènìyàn gidi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù ú lọ ní ìlọ́po 42. Ká ní ilé kan gùn ní mítà 15, ó fẹ̀ ní mítà 10, tí àjà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ga ní mítà 3. Bí ẹ bá pín gbogbo rẹ̀ sí 42, gígùn rẹ̀ á gba kókó 45, fífẹ̀ rẹ̀ á gba 30, àjà méjèèjì pa pọ̀ á sì gba nǹkan bí ẹsẹ̀ bíríkì 15, ìyẹn ìlà bíríkì 15 lórí ara wọn. Àyíká ilé náà jẹ́ kókó 150, ó di ìlọ́po 15, ẹ wá pín in sí mẹ́rin mẹ́rin, nítorí kókó mẹ́rin ni gígùn bíríkì oníkókó mẹ́jọ. Ẹ ó rí i pé ògiri nìkan á gbé bíríkì tí ó lé ní 560 mì. Níbo ni ẹ ó ti rí ti òrùlé?

Ẹ wá pín in sí 84 dípò 42. Gígùn á di kókó 22, fífẹ̀ á di 15, gíga á di ẹsẹ̀ bíríkì 7 àti pẹlẹbẹ kan. Nígbà tí ẹ bá ṣe ìṣirò kan náà, nǹkan bí bíríkì 130 ni ògiri á gbà, ẹ kò sì tíì yọ ojú fèrèsé àti ti ìlẹ̀kùn kúrò nínú rẹ̀. Ẹ wò ó: ìlàjì ni ẹ dín gígùn àti gíga kù sí, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin ni bíríkì tí ó ṣẹ́ kù. Iṣẹ́ ìṣirò tí ó dára fún kíláàsì ni. Ọmọláńgidi kò ní lè wọ ilé yẹn mọ́ o. Kí ó jókòó síta. Ìlẹ̀kùn tí ó ga ní mítà 2.1 á jẹ́ bíríkì méjì pẹ̀lú pẹlẹbẹ méjì lé e lórí, èyí tí ojú ènìyàn á gbà láìjanpata.

Àpẹẹrẹ ni iye mítà tí mo lò lókè yìí o. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú ilé náà, kí ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Marina pẹ̀lú téèpù, kí ẹ wọn ìsàlẹ̀ ilé náà yí ká. Ẹ kò nílò àkàbà fún gíga rẹ̀. Ẹ fi ọmọ kan tí ẹ ti mọ gíga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ẹ ti ọ̀ọ́kán tí ó jìnnà díẹ̀ ya fọ́tò, lẹ́yìn náà kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n lójú fóònù iye ìgbà tí gíga ọmọ náà wọ inú gíga ilé, bóyá mẹ́ta ni tàbí mẹ́rin. Bí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé 1842 ni àwọn míṣọ́nnárì CMS fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀, pé 1845 ni ó parí, àti pé Àjàyí Crowther gbé inú rẹ̀, ó sì ṣe nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá níbẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka fèrèsé ojú ilé fúnra rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí iye fèrèsé tí kò péye ni àwọn ará Àgbádárìgì á kọ́kọ́ rí lára iṣẹ́ yín.

Ní ti àwọ̀, ara ògiri tí ó kọjú síta nìkan ni ó yẹ kí ó funfun. Ọ̀pá inú, ilẹ̀, àti ohunkóhun tí ẹ bá fi gbé òrùlé dúró lè jẹ́ pupa tàbí ewé, kò sẹ́ni tí yóò yọjú wò ó. Bí funfun kò bá tó síbẹ̀, kí ẹ̀yìn ilé náà jẹ́ àwọ̀ mìíràn, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn náà ti ògiri kíláàsì. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yà wọ́n sínú abọ́ nípa ìrísí wọn. Ẹ má ṣe yà wọ́n nípa àwọ̀: nínú abọ́ tí gbogbo bíríkì ti rí bákan náà, ojú á tètè mú èyí tí ó funfun, ṣùgbọ́n nínú abọ́ tí gbogbo rẹ̀ funfun, ẹ ó fi ọwọ́ tú u títí kí ẹ tó rí oníkókó méjì kan.

Ẹ jẹ́ kí bíríkì òkè bo ìsopọ̀ àwọn méjì tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pàápàá jù lọ ní igun ilé. Ilé bàbá mi ní Ìkòròdú ni mo kọ́kọ́ fi bíríkì kọ́, mo sì to igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ gbọọrọ bí ẹni to páálí mílíìkì. Ó dúró dáadáa lórí tábìlì. Bí mo ti gbé e pé kí n fi han àwọn àlejò ní pálọ̀, igun kan là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ògiri kan ṣubú sápá mi, ìyókù sì fọ́n sábẹ́ àga. Mo ṣì ń fi ìgbálẹ̀ gbá bíríkì jáde níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹta.

Òrùlé ni ó máa ń yọ ènìyàn lẹ́nu jù. Bíríkì onídàgẹ̀rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n mi ò rò pé àpò yín ní tó. Ẹ lè fi pẹlẹbẹ ṣe é ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi kókó kan sún wọlé ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń gun pẹlẹbẹ kan lórí kókó kan, òrùlé náà á tẹ́ jù. Bí ẹ bá ń gun odidi bíríkì kan, á ga ṣóńṣó bí òkè ṣọ́ọ̀ṣì. Pẹlẹbẹ méjì méjì á bọ́ sáàárín. Bí ẹ bá rí pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n fi ihò gígùn-gígùn là lójú, ẹ kó wọn pa mọ́ fún òrùlé, nítorí wọ́n jọ páànù púpọ̀. Ẹ má sì so òrùlé mọ́ ògiri pátápátá. Kí ó dúró lórí kókó mẹ́rin péré, kí àwọn ọmọ lè máa gbé e kúrò láti wo inú ilé.

Ẹ jọ̀ọ́, mo máa ń ra bíríkì tòkunbọ̀ fún àwọn ọmọ mi, mo sì máa ń ra tuntun olówó pọ́ọ́kú mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n bá kọ́ kì í dúró. Apá kan le kankan débi pé eyín ni wọ́n fi ń ṣí i, apá kan a sì máa yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Ṣé àlòkù ló ti gbó ni? Báwo ni mo sì ṣe lè fọ̀ ọ́? — Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Àlòkù yẹn kọ́ ni mo fura sí. Káfíńtà kan tí ń jẹ́ Ole Kirk Christiansen ni ó dá ilé iṣẹ́ Lego sílẹ̀ ní Billund, lórílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, ní 1932. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1958 ni wọ́n kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin lórí bíríkì tí a mọ̀ lónìí yìí, èyí tí ó ní kókó lókè tí ó sì ní ọ̀pá oníhò nínú nísàlẹ̀. Ọ̀pá inú yẹn ni ó ń di kókó mú. Títí di òní, bíríkì ọdún yẹn ṣì ń wọ èyí tí wọ́n ṣe lánàá, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ yẹ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà lọ. Ẹni tí ó ń ṣe ayédèrú olówó pọ́ọ́kú kì í sáàbà ní sùúrù fún irú ìyẹn, ohun tí ó sì ń fa líle àti yíyẹ̀ tí ẹ ń rí nìyẹn.

Ẹ wo orí kókó kọ̀ọ̀kan nínú ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ náà, ẹ ó rí orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà tín-ín-rín lórí wọn. Ẹ kó àwọn tí kò ní in lọ́tọ̀, kí àwọn ọmọ fi ṣe ilẹ̀, ọgbà àti igi, kí wọ́n má ṣe fi ṣe ògiri tàbí afárá tí yóò gbé ẹrù. Kò sóhun tó burú nínú òun náà bí a bá fi í síbi tí agbára rẹ̀ mọ.

Fún fífọ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ju ìwọ̀n 40 lọ àti ọṣẹ tí kò le. Omi híhó á tẹ̀ ẹ́. Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ sá a sí, kí ẹ da ojú rẹ̀ bolẹ̀ kí omi inú ihò lè ro jáde. Oòrùn ni ó ń sọ èyí tí ó funfun di bí àwọ̀ ẹyin.

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ ọdún 19 ni mí, mo ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kíkàn. Mo fi bíríkì ṣe ọkọ̀ ìpẹja wa, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò tẹ̀ bí ti gidi, bí àtẹ̀gùn ló rí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mò ń ṣeré ọmọdé. Mo sì gbọ́ pé ilé iṣẹ́ náà máa ń ra iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ṣé òótọ́ ni? — Ọmọ Ẹ̀pẹ́.

Àbúrò mi, ìwọ tí o ti ń kan ọkọ̀ gidi mọ̀ pé pákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kì í dùbúlẹ̀ bíi ti ilẹ̀ yàrá. Ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bíríkì: dá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà dé, kí kókó rẹ̀ kọjú síta dípò òkè. Nígbà náà, pẹlẹbẹ tín-ín-rín ni ìwọ yóò máa fi tẹ ẹ̀gbẹ́ náà wọlé síhà imú, àtẹ̀gùn mìlímítà 3.2 kò sì hàn tó ti 9.6. Pẹlẹbẹ márùn-ún tí o bá to lé ara wọn jẹ́ mìlímítà 16, kókó méjì náà sì jẹ́ 16, nítorí náà èyí tí o dá dé àti èyí tí ó dúró á pàdé láìsí àlàfo. Ohun kan ṣoṣo tí o máa nílò ni bíríkì tí ó ní kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọn yóò fi so pọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀. Tí o bá ní kọ̀ǹpútà, ètò kan wà tí ń jẹ́ Studio, ọ̀fẹ́ ni, o lè fi gbìyànjú rẹ̀ níbẹ̀ kí o tó mọ iye tí o máa rà.

Òótọ́ ni ohun tí o gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà ìrọ̀lẹ́. Lórí Lego Ideas, ìkànnì ilé iṣẹ́ náà lórí ayélujára tí ènìyàn ti ń fi àbá iṣẹ́ hàn, ènìyàn 10,000 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti iṣẹ́ rẹ lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ á tó jókòó lé e, ọ̀pọ̀ tí ó dé ibẹ̀ ni wọn kì í sì mú. Ẹni tí wọ́n bá mú ti rẹ̀ ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wọlé lórí rẹ̀. Má fi í ṣe àgbójúlé oúnjẹ ọdún yìí.

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, sọ fún wọn pé Ekow Nimako, ọmọ Kánádà tí àwọn òbí rẹ̀ ti Gánà wá, fi nǹkan bí 100,000 bíríkì, dúdú nìkan, kọ́ Kumbi Saleh, olú ìlú ilẹ̀ ọba Gánà àtijọ́, bí ó ti rò pé yóò rí ní ọdún 3020, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n sì gbé e sí. Kí o tó tú ọkọ̀ tìrẹ láti tún un ṣe, ya fọ́tò abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí abẹ́ ni ènìyàn kì í rántí bí òun ṣe so ó.