Níbo Ni Àwọn Ilé Búrẹ́dì Àdúgbò Wa Gbà Lọ?

Nígbà tí a ní kí ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ ohun kan tí ó ti kúrò ní àdúgbò yín tí ọkàn yín ṣì ń fà sí, ilé búrẹ́dì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù nínú lẹ́tà tí ó wọlé. Mẹ́ta ni mo mú nínú wọn fún oṣù yìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Àdó ní Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ilé búrẹ́dì kan wà ní ẹ̀yìnkùlé wa nígbà náà, òórùn rẹ̀ ni ó sì máa ń jí wa kí àkùkọ tó kọ. Màmá mi á fún mi lówó àti abọ́, èmi náà á lọ tò sí ojú fèrèsé pẹ̀lú àwọn tí ń kiri ọjà. Mo padà débẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù ni mo bá. Kí ni ó pa àwọn ilé búrẹ́dì wọ̀nyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni búrẹ́dì ìgbà náà dùn ju ti ìsinsìnyí lọ, àbí àgbà tó ti ń dé sí mi ni ó ń tàn mí jẹ? — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi adùn bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni àwọn ènìyàn máa ń yára dá lẹ́jọ́.

Àgbà kọ́ ni ó ń tàn yín jẹ. Búrẹ́dì tí ẹ ń gbà lójú fèrèsé kò tíì pẹ́ tí ó jáde nínú ààrò, bẹ́ẹ̀ sì ni búrẹ́dì kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí ó bá ti tutù báyìí, sítáàṣì inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í le, kódà bí a tilẹ̀ wé e sínú ọ̀rá tí omi ara rẹ̀ kò gbẹ. Èyí tí ẹ ń rà lónìí ní ilé ìtajà ńlá lè ti lo ọjọ́ kan tàbí méjì lójú ọ̀nà kí ó tó kàn yín. Ọwọ́ tí wọ́n fi ṣe é tún wà ńbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti po ìyẹ̀fun pọ̀ mọ́ ṣúgà, iyọ̀ àti ìwúkàrà, wọ́n á máa ti ìyẹ̀fun pípò náà gba àárín irin róbótó méjì tí ń yí, wọ́n á ká a, wọ́n á tún tì í padà, títí tí yóò fi máa dán bí aṣọ sátíìnì. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yìí ni ó ń mú kí inú búrẹ́dì Agége ki, tí ó fi máa ń fà bí a bá ń bù ú, tí kì í sì í tú sínú ẹ̀wà. Ní ti ààrò, bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n á dáná igi títí bíríkì yóò fi mu ooru yó, wọ́n á gbá ẹ̀ẹ́dú kúrò, wọ́n á wá fi pátákó ọlọ́wọ́ gígùn ti àwọn páànù wọlé. Ooru tí ó ti inú ògiri jáde ni ó ń yan búrẹ́dì náà, èéfín igi sì máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ lára èèpo rẹ̀.

Síbẹ̀, n kò ní pọ́n ọn ju bí ó ti yẹ lọ. Lára ohun tí ó ń mú kí búrẹ́dì mìíràn nígbà náà ga fíofío tí ó sì fúyẹ́ bí òwú ni potassium bromate, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pò mọ́ ìyẹ̀fun, èyí tí àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ ti kà mọ́ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa àrùn náà. NAFDAC, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ wa, fòfin dè é, àwọn ọdún tí Dora Akúnyìlí fi wà nípò olórí NAFDAC, láti 2001 dé 2008, sì ni àwọn oníbúrẹ́dì kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Nítorí náà, bí ẹ bá rántí búrẹ́dì kan tí ó tóbi ju orí ọmọ lọ tí kò sì wúwo lọ́wọ́, ẹ má ṣe sunkún púpọ̀ lé ìyẹn lórí.

Ó wá ku ohun tí ó pa wọ́n. Àlìkámà ni a fi ń ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì, òkèèrè sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Ní 1986, nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP dé, náírà já wálẹ̀. Oṣù Kìíní 1987 kò tíì parí tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fi sọ pé àlìkámà kò gbọdọ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí mọ́, pé kí àwọn àgbẹ̀ Òkè Ọya gbìn ín fún wa. Wọ́n gbìn ín, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kórè kò tó ohun tí ẹnu wa ń fẹ́. Ìyẹ̀fun wọ́n gógó, àwọn onífàyàwọ́ sì rí iṣẹ́ ṣe lẹ́nu ibodè. Ó di 1992 kí wọ́n tó ká òfin náà kúrò.

Ọmọ Ebúté-Mẹ́ta ni èmi, mo sì rí bí ọdún wọ̀nyẹn ṣe rí. Ilé búrẹ́dì tí ó wà ní òpópónà wa, tí iná rẹ̀ kì í kú lóru, bẹ̀rẹ̀ sí í dáná lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀. Wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo lú ti àlìkámà, ohun tí ó jáde sì ń wó bí ilé iyanrìn kí a tó gbé e dé ẹnu. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń po ìyẹ̀fun di kọ̀ńdọ́kítọ̀, òmíràn lọ kọ́ iṣẹ́ fọkanáísà. Nígbà tí àlìkámà padà dé, kò sí ẹni tí ó mọ ààrò náà lò mọ́ bí kò ṣe baba arúgbó kan, ojú tirẹ̀ náà kò sì ríran dáadáa mọ́.

Èyí tí kò kú nígbà náà ni ọ̀wọ́n epo dísùù ń pa díẹ̀díẹ̀. Ogun Ukraine gbé owó àlìkámà sókè ní 2022, tí ẹgbẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì fi daṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù Keje ọdún náà. Ní 2023 ẹ̀wẹ̀, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò, náírà sì tún ṣubú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè, ilẹ̀ ni ó pa wọ́n ju ìyẹ̀fun lọ. Ilé búrẹ́dì ń fẹ́ àyè gbalasa fún igi, fún ààrò àti fún ibi tí wọ́n ń tú búrẹ́dì sí, ojú títì tí owó wà ni ó sì sábà máa ń wà. Bí bàbá bá ti kú, ṣé àwọn ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni yóò wá máa jí ní aago méjì òru? Wọ́n á wó o, wọ́n á kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà síbẹ̀. Ó dà bíi pé ohun tí ẹ bá ní Òkè-Àdó gan-an nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi sọ pé ará Jàmáíkà kan ni ó kọ́ àwọn ará Èkó ní òwò búrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, pé Agége ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá wa parí ìjà. — Ọmọ Surulérè.

ÌDÁHÙN: Bàbá yín kò purọ́. Amos Shackleford ni orúkọ ọkùnrin náà. Ó dé láti Jàmáíkà ní 1913 láti wá ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ rélùwéè, nígbà tí ó sì di 1921 ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ebúté-Mẹ́ta. Àwọn kan ti ń ṣe búrẹ́dì ní Èkó kí ó tó dé, ṣùgbọ́n òun ni ó sọ ọ́ di òwò ńlá, òun náà sì ni a gbà pé ó mú ẹ̀rọ onírin méjì tí mo sọ fún Ìyá Ìbejì wọlé. Ọba búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é. Ó kú ní 1954.

Ẹ̀gbọ́n yín náà kò jìnnà sí òótọ́. Agége wà lójú ọ̀nà rélùwéè tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní nǹkan bí 1901, ibi tí ọkọ̀ ojú irin bá sì ti ń dúró ni ọlọ́jà ti ń rí oníbàárà. Ẹni tí ebi ń pa nínú ọkọ̀ kò ní àbọ̀ wákàtí láti fi jókòó ti ọbẹ̀. Búrẹ́dì ni yóò na ọwọ́ gbà lójú fèrèsé. Ebúté-Mẹ́ta ni òwò ńlá náà ti bẹ̀rẹ̀, Agége ni ó fún un ní orúkọ. Kí àwọn méjèèjì ra búrẹ́dì kan kí wọ́n pín in.

ÌBÉÈRÈ: Ilé búrẹ́dì bàbá mi ní Abẹ́òkúta ti kógbá wọlé tipẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí ogójì páànù rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Àwọn tí ń ra irin àlòkù fẹ́ kó wọn. Màmá wa kò fẹ́. Kí ni kí n ṣe? — Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì tà wọ́n. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ síta ní ọ̀sán, kí ẹ ṣa èyí tí ìpẹtà ti jẹ lu sọ́tọ̀. Ìyẹn ni kí ẹ fún oníirin. Èyí tí ìpẹtà rẹ̀ kò ju ojú lásán lọ, ẹ fi iyọ̀ àti kànìnkànìn gbígbẹ ha á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ kíákíá, ẹ fi òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á lára, kí ẹ wá gbé e sínú ààrò tí ó gbóná fún nǹkan bíi wákàtí kan. Dúdú tí yóò dú lẹ́yìn náà kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹ má fi kànìnkànìn ha á kúrò; òun ni kì í jẹ́ kí búrẹ́dì lẹ̀ mọ́ páànù.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti màmá yín pẹ̀lú ìwé, kí ẹ bi wọ́n ní ìwọ̀n tí bàbá ń lò: ìyẹ̀fun mélòó sí ṣúgà mélòó, àti wákàtí tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ó wú ní àsìkò ọyẹ́, nítorí kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú àsìkò òjò. Ẹ béèrè orúkọ àwọn tí ń kiri fún wọn pẹ̀lú. Kò sí ìwé kan tí ẹ ti lè rí èyí kà. Bí ẹ bá ṣe ẹyọ kan jáde nínú ọ̀kan lára àwọn páànù náà, màmá yín ni kí ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí wa, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ní kò jọ ti bàbá yín rárá.