Ọmọ mi ní kóòṣì ló wu òun: ṣé iṣẹ́ gidi ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Nọ́ọ̀sì ni mí, Houston ni mo ń gbé. Ọmọkùnrin mi kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì kan níbí ní Texas. Gbogbo ọdún mẹ́rin tó lò níbẹ̀ ló fi gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, lára àwọn tó máa ń tò síwájú, tí wọ́n ń pè ní offensive line, ni wọ́n fi í sí. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ti fún un níṣẹ́, owó ibẹ̀ sì dáa. Ó ní òun ò lọ. Ó ní yunifásítì mìíràn ti pe òun pé kí òun wá ṣe "GA" (graduate assistant, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ran kóòṣì lọ́wọ́) lọ́dọ̀ kóòṣì offensive line wọn. Nígbà tí mo béèrè iye tí wọ́n máa san, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Bàbá rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Sunday. Ẹ gbà mí o: ṣé iṣẹ́ ni wọ́n ń pe èyí? Ṣé èèyàn lè fi bọ́ aya àti ọmọ, àbí eré ìgbà èwe ni kò tíì fẹ́ fi sílẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àmójútó ọmọ, mà. Ọdún kẹrìndínlógún mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí, yunifásítì márùn-ún ni mo sì ti ṣe é dé, ẹ má retí kí n wá sọ fún yín pé kì í ṣe iṣẹ́. Iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí ọmọ yín rín nígbà tí ẹ dárúkọ owó, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi náà rín in fún ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ọmọ yín ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rin, torí mo fura pé ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ rí i. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ jókòó sí pápá, ibi tí bọ́ọ̀lù wà ni ojú yín ń bá lọ, ọmọ yín kò sì sí níbẹ̀. Èèyàn márùn-ún ló ń tò síwájú nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn. Center wà láàárín, guard kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tackle méjì sì wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Yàtọ̀ sí center, tó ń gba abẹ́ itan sọ bọ́ọ̀lù sẹ́yìn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù lè gbá odindi sáà kan kí ọwọ́ wọn má kan bọ́ọ̀lù. Tiwọn ni kí wọ́n lanà fún ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sáré, tàbí kí wọ́n dáàbò bo quarterback fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kó lè rí ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù sí. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, quarterback ni wọ́n ń yìn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá di alátakò láṣọ mú, rẹfirí á kéde nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo pápá á gbọ́, ẹgbẹ́ á sì fà sẹ́yìn ní yáàdì 10. Ọ̀pọ̀ ìyá ló jẹ́ pé ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nípa ọmọ wọn.

Kóòṣì àwọn márùn-ún yìí, olùkọ́ ni. Ẹ wo nǹkan kan ṣoṣo tí mo ń kọ́ wọn láti oṣù Kẹta títí wọ oṣù Kọkànlá: bí èèyàn méjì ṣe ń jùmọ̀ ti ẹnìkan. Alátakò kan tó wọn 310 pọ́ùn dúró síwájú guard àti tackle wa. Òmíràn, tí wọ́n ń pè ní linebacker, wà ní bíi yáàdì mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì tiwa á kọ́kọ́ jọ kọlu ẹni iwájú, ìbàdí kan ìbàdí, kí ìmọ́lẹ̀ má ríbi gbà kọjá láàárín wọn. Ohun tí à ń pariwo mọ́ wọn létí ni pé ọwọ́ mẹ́rin lára ẹni iwájú, ojú mẹ́rin lára ẹni ẹ̀yìn. Bí linebacker bá gba ọ̀tún wá, ẹni ọ̀tún á jábọ́ lọ pàdé rẹ̀. Bó bá gba òsì, ẹni òsì ló ni ín. Kò sáyè kí ẹnìkan bi ẹnìkejì pé ta ló ń lọ. Bí ẹni tó yẹ kó jábọ́ bá yá jù, ẹni iwájú á ráyè wọlé. Bó bá pẹ́ jù, linebacker á ti gbé ẹni tó mú bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ tí kò gbọdọ̀ ju íǹṣì mẹ́fà lọ. Mo ti kọ́ ọmọ kan tó lè dá gbé ìdí ọkọ̀ kékeré sókè, oṣù méjì gbáko ni kò fi lè gbé ẹsẹ̀ íǹṣì mẹ́fà yẹn. Ara rẹ̀ ń sọ fún un pé kó fò mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹni tó gbá a dáadáa kọ́ ni mo ń wá tí mo bá fẹ́ mú GA. Ẹni tó lè wo ẹsẹ̀ ọmọ yẹn, kó rí ohun tó ń bà á jẹ́, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan láìbú u, ni mo ń wá. Bí ọmọ yín bá jẹ́ irú ẹni tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá bá pé kó ṣàlàyé ìṣirò fún àwọn lóru ọjọ́ ìdánwò, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀.

Ife-ẹ̀yẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Joe Moore Award. Joe Moore yìí ló kọ́ offensive line ní yunifásítì Pitt (Pittsburgh) àti ti Notre Dame láyé rẹ̀. Láti 2015 ni wọ́n ti ń fún offensive line tó dára jù lọ láàárín àwọn yunifásítì ní ife yìí, gbogbo wọn lápapọ̀ ni wọ́n sì ń fún, kì í ṣe ẹnìkan. Ní 2024, Army ló gbà á, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun tó wà ní West Point. Àwọn ọmọ yẹn ò tóbi tó ti Alabama tàbí Georgia, wọ́n sì tún ní ẹ̀kọ́ ológun tí wọ́n ń ṣe mọ́ ọn. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bíi pé èmi ni mo gbà á.

Ó wá kan GA. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé gba oyè máásítà ni, tó tún ń ran kóòṣì lọ́wọ́. Ọdún méjì ló sábà máa ń jẹ́. Yunifásítì á san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n á sì fún un ní owó táṣẹ́rẹ́ tó máa tó san yàrá bí èèyàn mẹ́ta bá jọ gbà á. Òun ló máa ya eré ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ bá pàdé sórí páálí, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó ń ṣe bí alátakò níbi ìdánrawò lè mọ ibi tí wọ́n máa dúró. Òun ló máa gé fídíò, òun ló máa lọ gbé ọmọ tí wọ́n fẹ́ fà wọ ẹgbẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, òun náà ló máa lọ ra oúnjẹ ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tàbí télọ̀ nílé gẹ́lẹ́. Oyè máásítà tó máa gbà ni ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Oyè yẹn sì ni ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ dìrọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Sunday, nígbà tí ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, inú yàrá fídíò ni àwa máa ń wà. Eré kan lè ní àádọ́rin ìgbà tí bọ́ọ̀lù á gbéra. Èèyàn márùn-ún lọ́nà àádọ́rin, ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́wàá nìyẹn, 350, tí mo gbọ́dọ̀ fún ní máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́, ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹni tó yẹ kó dì mú ló dì mú? Mo máa ń dá fídíò padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, ní agbábọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ lò ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ kan fún eré ìdárayá lásìkò ìdíje. Kóòṣì ò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ o. Ọgọ́rin wákàtí lọ́sẹ̀ ò jọ wá lójú.

Ẹ béèrè bóyá ó lè bọ́ aya àti ọmọ. Lẹ́yìn GA, bó bá ríṣẹ́, yunifásítì kékeré ló máa kọ́kọ́ gbà á, bóyá ní Division II tàbí Division III, ìyẹn ìpele kejì tàbí ìkẹta. Níbẹ̀, òun nìkan ni yóò jẹ́ kóòṣì offensive line, tí yóò tún máa bójú tó yàrá tí wọ́n ti ń gbé irin, tí yóò máa wa bọ́ọ̀sì kékeré. Owó ibẹ̀ lè má tó ti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama Texas. Lókè pátápátá, láàárín àwọn yunifásítì ńlá, kóòṣì offensive line wà tó ń gba mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Láàárín ibi méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa wà, tí a ń san owó ilé, tí ọmọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Èmi tó ọdún mẹ́sàn-án kí n tó gba owó tí mo lè sọ fún àna mi.

Sùúrù pẹ̀lú oríire ni. Kirk Ferentz kọ́ offensive line ní Iowa láti 1981 dé 1989, ó lọ jẹ́ olórí kóòṣì ní Maine, ó lọ ṣe ọdún mélòó kan láàárín àwọn tó ń gbá a fún owó, kí Iowa tó pè é padà ní 1999 pé kó wá ṣolórí. Sam Pittman ní tirẹ̀ ṣe kóòṣì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó gba kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kọjá, ó kọ́ offensive line káàkiri, ẹni ọdún 58 sì ni nígbà tí Arkansas fi í ṣe olórí kóòṣì ní òpin 2019. Ní 2025, Arkansas yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé kò mọ offensive line kọ́ o.

Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ju owó lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá lé olórí kóòṣì, gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń bá a lọ. Ọdún kan wà tí àwọn márùn-ún mi ṣe dáadáa ju gbogbo ẹ̀ka yòókù nínú ẹgbẹ́ wa lọ. Àárọ̀ Sunday tó tẹ̀lé eré ìkẹyìn, wọ́n lé ọ̀gá wa. Nígbà tó máa fi di aago méjì ọ̀sán, káàdì tí mo fi ń ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì ò ṣiṣẹ́ mọ́. Oyún oṣù méje wà nínú ìyàwó mi. Mo dúró síta pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì mi tó ṣì wà nínú ilé, mo ń wò ó láti ojú gíláàsì. Ní oṣù Kìíní, mo lọ sí àpérò ọdọọdún AFCA, ẹgbẹ́ àwọn kóòṣì, níbi tí ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin tó wọ kóòtù ti ń dúró sí lọ́bì òtẹ́ẹ̀lì, tí kálukú ń wá ojúlùmọ̀ tó lè bá òun sọ̀rọ̀ níbì kan. Ibẹ̀ ni mo ti ríṣẹ́ tó kàn, ní ìpínlẹ̀ tí ìyàwó mi ò dé rí.

Àwọn ọmọ náà kò sì dúró mọ́. Láti 2018 tí transfer portal ti dé, ìyẹn ibi tí agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ kúrò ń forúkọ sí lórí ẹ̀rọ, ó rọrùn fún agbábọ́ọ̀lù láti kó lọ sí yunifásítì mìíràn. Láti 2021, wọ́n lè fi orúkọ wọn pawó, láti 2025 sì ni àwọn yunifásítì fúnra wọn ti lè máa sanwó fún wọn. Offensive line ni èyí dùn jù, torí àwọn márùn-ún tó ti jọ gbé ọdún méjì, wọ́n mọ èémí ara wọn.

Ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ ni pé kò sóhun tó dà bíi kí èèyàn rí ọmọ tó kọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín nípa Olusegun Oluwatimi. Air Force ló ti bẹ̀rẹ̀, ó lọ sí Virginia, ó parí sí Michigan. Ní 2022, òun ló gba ife-ẹ̀yẹ Rimington, ti center tó dára jù, ó tún gba Outland, ti ẹni àárín ìlà iwájú tó dára jù, mọ́ ọn, offensive line Michigan sì gba Joe Moore lọ́dún kan náà. Ẹ béèrè nípa Olumuyiwa Fashanu ti Penn State tí Jets, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbá a fún owó, mú ṣe ẹni kọkànlá nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun ní 2024. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ló ní kóòṣì tó jókòó tì í lórí íǹṣì mẹ́fà.

Ní báyìí, ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ jẹ́ kó lọ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì tó pè é, kí ìdáhùn sì wà lórí ìwé: ṣé gbogbo owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún méjèèjì ni wọ́n máa san, àbí apá kan? Ta ló máa san owó ìtọ́jú ìlera rẹ̀? Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ mọ ìdí tí mo fi béèrè. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù: àwọn GA méjì tó ṣe é kẹ́yìn lọ́dọ̀ kóòṣì yìí, níbo ni wọ́n wà lónìí? Bí wọ́n bá ti ríṣẹ́ kóòṣì, ọ̀gá tó ń fa ọmọ rẹ̀ sókè nìyẹn. Bí kóòṣì náà kò bá rántí orúkọ wọn, awakọ̀ ló ń wá.

Kó yan máásítà tó wúlò lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ìṣirò tàbí ẹ̀kọ́ ìkọ́ni. Ní Texas, olùkọ́ ìṣirò ṣọ̀wọ́n, òfin eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ girama ibẹ̀ sì ń fẹ́ kí kóòṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an. Bí yunifásítì bá já a kulẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ girama á gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, á máa kọ́ ìṣirò láàárọ̀, á máa kọ́ offensive line ní ìrọ̀lẹ́, á sì máa sùn sílé ara rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò yẹn náà, kó kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí wọn, kó má kàn dákẹ́.

Tèmi ni pé kó lọ, fún ọdún méjì tó ní ìwé ẹ̀rí nínú. Ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó tẹ̀ ẹ́ láago. Kó má pè é ní Sátidé, kò ní gbé e. Láti ìparí oṣù Kẹjọ títí wọ oṣù Kejìlá, ẹ má ra aṣọ ẹbí fún un mọ́, mà.