Ṣé flash inú àpò laptop mi ti tó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀yọ́. Igbá fífín ni iṣẹ́ ìdílé wa, Bàbá mi sì ti lé ní 80 ọdún báyìí, ọwọ́ wọn kò gbé ọ̀bẹ mọ́. Láti bí ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ya fọ́tò àwọn igbá tí wọ́n fín, mo sì ń gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé ọnà ara rẹ̀ tí wọ́n sì ń ki oríkì ilé wa. Inú laptop mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Lóṣù tó kọjá, iná dé lójijì, ó le jù, ó jó ṣájà mi. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ sórí flash 64 GB, inú àpò laptop ni mo sì ń fi í sí kó má baà sọnù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Ṣé mo ti ṣe é tó?

ÌDÁHÙN: Kò tó, àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ dìde, ẹ yọ flash yẹn kúrò nínú àpò, ẹ fi í sí yàrá mìíràn. Ẹni tó bá gbé àpò ti gbé méjèèjì lọ nìyẹn.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ní 2013, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó níbí, hard disk mi kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ laptop. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń kó fáìlì sí i, mi ò sì fò ó rí. Olè jálẹ̀kùn wọlé lóru, ó fi ọwọ́ kan kó méjèèjì. Ohùn ìyá mi wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú mọ́kànlá, níbi tí wọ́n ti ń kì mí láàárọ̀ ọjọ́ tí a ṣílé. Wọ́n ti kú nígbà náà. Kí oṣù tó parí mo ti ra laptop mìíràn. Ṣùgbọ́n títí dòní, apá ìparí oríkì yẹn kò pé lẹ́nu mi mọ́, kò sì sí ẹni tí mo lè bi.

Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, ni òfin tí a ń pè ní 3-2-1 ti ọwọ́ rẹ̀ gbalẹ̀: kí fáìlì ní ẹ̀dà 3, lórí oríṣi nǹkan 2, kí 1 nínú wọn má sí nílé. Èyí tí kò sí nílé yẹn ni mo fò, òun náà lẹ̀yin ń fò.

Ẹ ra hard disk tí a ń fi wáyà so mọ́ laptop. Bí Windows lẹ ń lò, File History wà nínú rẹ̀ tí yóò máa kó ẹ̀dà fún yín. Bó bá ti kó o tán, ẹ yọ ọ́. Iná tó jó ṣájà yín lè kọjá sára ohun tó bá so mọ́ laptop, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa kí wọ́n lè gbowó sì máa ń ti ti orí hard disk tó bá so mọ́ ọn pa pẹ̀lú. Ẹ má jẹ́ kó jábọ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, nítorí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan àwo tó ń yí. Flash ní tirẹ̀ kò ní ohun tó ń yí, àmọ́ ó lè kú láìṣe àìsàn.

Ẹ ra hard disk kejì, kí ó máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Nígbàkigbà tí ẹ bá ń bọ̀ wá kí wọn, ẹ gbé èyí tó tuntun wá, kí ẹ gbé ti àtijọ́ padà.

Google ń fúnni ní àyè 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Drive ni wọ́n ń pe ibi tí a ń kó fáìlì sí níbẹ̀. Bí dátà bá wọ́n, ẹ fi ohùn Bàbá ṣáájú fọ́tò. MP3 lásán kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ju MB kan lọ fún ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ohùn wákàtí tó lé ní 200 lè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá so Drive mọ́ fóldà laptop, tí ọmọdé pa nǹkan rẹ́ níbí, ó pa rẹ́ lọ́hùn-ún náà. Ọjọ́ 30 ni yóò lò nínú Trash, ìyẹn ibi tí Drive ń kó ohun tí a pa rẹ́ sí, kó tó lọ pátápátá. Ẹ má sì fi WhatsApp tọ́jú fọ́tò igbá. Ó ń fún wọn mọ́ra, ọnà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Ẹ gbé ẹ̀dà náà lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kí ẹ ṣí fáìlì bíi mẹ́wàá, kí ẹ gbọ́ ọ dópin. Àwọn oníbàárà ti gbé flash wá bá mi rí, inú wọn ń dùn pé gbogbo iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀. Nígbà tí a ṣí i, shortcut, ìyẹn àmì tó kàn ń tọ́ka sí ibi tí fáìlì wà, ni wọ́n dà sí i, fáìlì gan-an wà nínú laptop tó ti jóná.

Ẹ̀yin ṣì ní ohun tí èmi kò ní mọ́. Fọ́tò tó ń jẹ́ IMG_0412 kò lè sọ orúkọ ọnà ara igbá fún ọmọ yín. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ jókòó ti Bàbá, ẹ fi fọ́tò náà hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pe orúkọ ọnà, kí ẹ sì fi orúkọ yẹn sọ fáìlì. Ẹ bá mi kí wọn.