Èsì: Ọkọ̀ oníná láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà dé Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra de màmá. Ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ oníná tó máa gbé wọn láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà wá sí Ìkòròdú kò ní kú sójú ọ̀nà. Kò ní kú, bí wọ́n bá ti ṣáájì rẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà yẹn kò jìnnà ju nǹkan bíi kìlómítà 40 lọ, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná òde òní sì lè rin ju 200 lọ. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ nípá: bí ọkọ̀ bá dúró, kò sí éńjìnnì tó ń jó epo lásán, ẹ̀rọ amúlétutù ló ń jẹ iná díẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra ni àdéhùn owó. Ẹ má kàn sọ pé "Ìkòròdú". Gáréèjì ni àbí Ìjẹ̀dé? Ìgbógbó ńkọ́? Ẹ kọ ojúlé gan-an sí i, kí iye tí wọ́n bá dá sì wà ní kíkọ. Ẹ sọ bí títì àdúgbò yín ṣe rí pẹ̀lú, torí abẹ́ ọkọ̀ ni bátìrì wà, kòtò ńlá kò dáa fún un rárá.

Ẹ fún awakọ̀ ní nọ́ńbà bàálù màmá, kí ó lè mọ̀ bó bá pẹ́. Ẹ béèrè iye wákàtí tó máa fi dúró lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí gbígba ẹrù máa ń falẹ̀ níbẹ̀. Bí àpótí bá ju méjì lọ, ẹ tètè sọ ọ́.