Abẹ́rẹ́ LDL tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò kówó tó jáde

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n yín ní London fẹ́ fi inclisiran, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà ní Leqvio, ránṣẹ́ sí Bàbá ní Iléṣà, torí LDL, ìyẹn ọ̀rá (cholesterol) burúkú inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣì ga lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí Bàbá pa atorvastatin, oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò láti dín ọ̀rá náà kù, tì. Rárá o, kí wọ́n má pa á tì.

Ẹ̀dọ̀ ló ń fa LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Purotéènì kan tó ń jẹ́ PCSK9 ló ń ba ohun tí ẹ̀dọ̀ fi ń mú un jẹ́. RNA kékeré inú abẹ́rẹ́ yìí á wọ ẹ̀dọ̀ lọ, á máa gé mRNA, ìyẹn ìlànà tí ẹ̀dọ̀ ń tẹ̀ lé láti ṣe PCSK9. Àbùdá tí Bàbá jogún kò yí padà rárá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. LDL á wálẹ̀ tó ìdajì.

Ṣùgbọ́n atorvastatin 40 sí 80 mg lójúmọ́ náà lè gé LDL sí ìdajì! Ibẹ̀ gan-an lowó ti ń ṣòfò: 10 mg ni aláìsàn ń lò, ó tún ń fo ọjọ́, wọ́n á ní oògùn ò ràn án. Ẹ kó oògùn Bàbá lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tàbí ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ifẹ̀, kẹ́ ẹ bi dókítà bóyá ó ṣeé gbé sókè. Ẹ tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 12. Bí LDL bá ṣì ju 1.8 mmol/L lọ, ìyẹn 70 mg/dL, kí wọ́n fi ezetimibe 10 mg, oògùn oníhóró mìíràn, kún un ló kàn. Ó máa ń dín in kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sí i. (Ẹ wo ìwọ̀n tí láàbù kọ o: 3 mmol/L àti 116 mg/dL, ọ̀kan náà ni.) Bí ìwọ̀nyí ò bá tó, a lè wá sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́.

284 mg nínú 1.5 mL ni, abẹ́ awọ ikùn, apá tàbí itan ni nọ́ọ̀sì á gún un sí. Èkejì lẹ́yìn oṣù 3, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Mẹ́ta ni ọdún àkọ́kọ́ á gbà, iye tí wọ́n sì kọ sí ọ̀kan ní UK ni £1,987.36. Bí ọjọ́ bá yẹ̀ tí kò tó oṣù 3, ẹ gún un, kẹ́ ẹ máa bá déètì àtijọ́ lọ. Tó bá ju oṣù 3 lọ, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ni. Nítorí náà, bí owó èkejì ò bá tíì dájú, ẹ má gún àkọ́kọ́.

Kò nílò fíríìjì. Inú yàrá tó tutù, 20 sí 25°C, ló yẹ ẹ́. Tó bá dì, ó ti bàjẹ́, ẹ má gbé e lé yìnyín. Ẹ má sì fi sínú búùtù ọkọ̀ láti Èkó.

Oògùn àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni irú oògùn RNA kékeré báyìí tẹ́lẹ̀; patisiran ló ṣíwájú ní 2018. Nígbà tí Novartis fi $9.7 bílíọ̀nù ra ilé iṣẹ́ tó ni inclisiran, ojú ọjà yí sí àìsàn tó wọ́pọ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru, zilebesiran, ṣì wà lórí ìdánwò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń tà á, ẹ má rà á.