Ẹ Bi Wá: Ṣé kí a ta ilẹ̀ nítorí ìwé àṣẹ iṣẹ́ ìlú òyìnbó?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Yunifásítì Tai Solarin tó wà ní Ìjagun ni mo ti gboyè, mo sì ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Owó oṣù mi àti ohun tí ọkọ mi ń rí nídìí iṣẹ́ wẹ́dà kò ká owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wa mọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mú wa lọ bá ejẹ́ǹtì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì sọ fún wa pé àyè mẹ́rin wà lọ́wọ́ òun fún iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mílíọ̀nù méje náírà ni ó ń béèrè, kí a san mẹ́rin kí oṣù yìí tó parí. Ó ní ọkọ mi àti àwọn ọmọ yóò bá mi lọ. Ó ti fi COS kan, ẹ̀rí pé agbanisíṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gbà mí síṣẹ́, tó ní orúkọ mi ránṣẹ́, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹbí ti ń wá ẹni tí yóò ra pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀ fún un lójú ọ̀nà Òru. Ọkàn mi kò balẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn á ní n kò fẹ́ kí ilé wa dára. Kí ni kí n ṣe? Kí ló tilẹ̀ dé tí ìwé yìí fi ṣòro rí gbà ní ọ̀nà tó tọ́?
*Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó*

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrònú. Ẹ má ta ilẹ̀ náà, ẹ má sì san kọ́bọ̀ fún ọkùnrin yẹn. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé oṣù ń lọ, ẹni tó ń ra ilẹ̀ kì í sì í pẹ́ dé.

Mo wo ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ dáadáa. Nọ́ńbà iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ ni 6145, owó ọdún kan tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ ni 20,960 pọ́n-ùn. Nọ́ńbà yẹn ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún iṣẹ́ ìtọ́jú títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 2024, kí wọ́n tó fi 6135 rọ́pò rẹ̀. Àkókò kan náà ni wọ́n gbé owó tó kéré jù lọ tí a lè san fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò ní 20,960 sí 23,200 pọ́n-ùn, ó sì ti tún gòkè sí i lẹ́yìn ìgbà náà. Lójú tèmi, ìwé àtijọ́ tó jẹ́ ti ẹlòmíràn ni wọ́n pa orúkọ rẹ́ lára rẹ̀, tí wọ́n wá kọ tiyín sí i.

Ká tilẹ̀ ní ìwé náà kò ní àbàwọ́n, ọ̀nà tí ó fẹ́ mú yín gbà ti di títì. Oṣù Kejì ọdún 2022 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí iṣẹ́ ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ará òkèèrè nítorí pé wọn kò rí ènìyàn tó pọ̀ tó láti ṣe é. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, wọn kò gba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun láàyè mọ́ láti mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. Nígbà tó sì di ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ gbogbo ẹni tó bá ń béèrè láti òkèèrè. Kò sí ejẹ́ǹtì tó lè ṣí i, bó ti wù kí ẹni tó mọ̀ pọ̀ tó.

COS fúnra rẹ̀ kì í ṣe bébà. Àkọsílẹ̀ tó ní nọ́ńbà ni, orí kọ̀ǹpútà Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà, ni ó sì wà. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba láísẹ́ǹsì láti gba ará òkèèrè síṣẹ́, orúkọ rẹ̀ yóò sì jáde nínú àkójọ tí ìjọba ń gbé sórí gov.uk, tí ẹnikẹ́ni lè wò láti orí fóònù láìsan owó. Bí ẹni tó fẹ́ gbà bá wà ní òkèèrè, yóò tún béèrè COS fún iṣẹ́ kan pàtó, yóò ṣàlàyé iṣẹ́ náà àti owó tí yóò san, kí wọ́n tó fún un. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àyè mẹ́rin wà lọ́wọ́ òun, tí òun sì ń wá ẹni tí yóò rà á, irọ́ ni ó ń pa. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó COS, òfin kò sì gbà á láàyè láti gba owó náà padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ fún COS èyíkéyìí tó bá fúnni láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Owó físà, owó ètò ìlera àti owó àyẹ̀wò ikọ́ ife ló sábà máa ń kan ẹni tó ń rìnrìn àjò.

Ẹ béèrè ìdí tí ó fi ṣòro. Kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ ń bẹ̀rẹ̀ ètò náà, agbanisíṣẹ́ ni. Òun ló ń náwó, láísẹ́ǹsì rẹ̀ ni wọ́n sì máa gbà bí ohunkóhun bá wọ́. Láti oṣù Keje ọdún 2025 yẹn kan náà, iṣẹ́ tó bá nílò oyè yunifásítì nìkan ni wọ́n sábà ń gbà, owó ọdún rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní 41,700 pọ́n-ùn fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ìwà jìbìtì náà ti ba ọ̀nà jẹ́ fún àwọn olóòótọ́: láàárín oṣù Keje ọdún 2022 sí ìparí ọdún 2024, ó lé ní 470 láísẹ́ǹsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú. Òṣìṣẹ́ tó bá wà lábẹ́ irú wọn sábà máa ń ní 60 ọjọ́ péré láti wá ẹlòmíràn tí yóò gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó padà sílé. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí pé owó ilẹ̀ àti owó alájẹṣẹ́kù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi rìn. Ẹni tí wọ́n bá sì ká ayédèrú ìwé mọ́ lọ́wọ́ lè má rí físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà fún ọdún mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò ni yín, ejẹ́ǹtì yẹn kò sì bá yín sọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Láti oṣù Kejì ọdún 2023, olùkọ́ tó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà, tó sì tóótun láti kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16 ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè, lè béèrè QTS, ìwé ẹ̀rí pé ènìyàn tóótun láti ṣe olùkọ́ ní England, lórí gov.uk fúnra rẹ̀, láìsan owó ìbéèrè. Wọn yóò fẹ́ rí oyè yín, ẹ̀rí pé ẹ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ìrírí ọdún kan ó kéré tán, àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ TRCN. QTS kì í ṣe físà. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ rí ilé-ìwé tó ní láísẹ́ǹsì, tó sì fẹ́ yín, èyí sì lè pẹ́ gan-an. Síbẹ̀, ipò olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ṣì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà, ẹni tó bá sì gba ibẹ̀ lọ lè mú ẹbí rẹ̀ dání.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, ọkọ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà 6145 yẹn hàn, kí ó sì jẹ́ pé òun ni yóò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n má baà ní ìyàwó ló ń dí wọn lọ́wọ́. Kí àwọn méjèèjì jọ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lórí gov.uk. Bí pásípọ́ọ̀tù yín bá wà lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì náà, ẹ gbà á padà lónìí, bí ó bá sì kọ̀, ẹ gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ṣàgámù, ọdún tó kọjá ni mo gba láísẹ́ǹsì. Ẹnì kan ní kí n san owó kí ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì lè tètè fi ìjẹ́rìísí ìwé mi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ṣé kí n san án?
*Àbúrò yín, Ṣàgámù*

Ìdáhùn: Rárá, Àbúrò wa. Ìkéde tí ìgbìmọ̀ náà, NMCN, fi síta ní oṣù Kejì ọdún 2024 sọ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, láti ọjọ́ tí ó ti gba láísẹ́ǹsì tí kì í ṣe ti ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀. Ẹ bá iṣẹ́ yín lọ ní wọ́ọ̀dù, ẹ máa gba lẹ́tà ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá yín pamọ́, kí ẹ sì máa kàwé fún CBT, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe fún nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti òkèèrè, nítorí pé ẹ lè ṣe é níbí láìkúrò nílùú.